Bí Àwọn Ẹyẹ Odò Àlọbọ̀ Ṣe Gbé Àna Mi Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ yí mi ká yìí, ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ nílé kí ó tètè dìde, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹni tí ó bá sì jókòó, kí ó má ṣe bi mí ní agbedeméjì ọ̀nà bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, nítorí èmi tí ó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, jìnnìjìnnì rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi títí di òní. Èmi ni Ọdẹ́níran ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, ọmọ ọkùnrin tí ó lé ẹfọ̀n wọ inú ihò àpáta tí ó sì gbé ìwo rẹ̀ jáde. Mo ti dọdẹ nínú igbó tí oòrùn kì í kan ilẹ̀. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, iwin ló sì fọ àwo. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Olódùmarè fi jíǹkí mi, ojú mi ni mo fi ń yangàn jù. Bí ẹyẹ bá bà sí góńgó orí ìrókò, mo lè dúró ní ìdí igi náà kí n sọ fún ọ bóyá ó ń sùn ni tàbí ó kàn dijú. Ojú-Àwòdì ni àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi ń pè mí, mo sì máa ń dá wọn lóhùn tayọ̀tayọ̀.

Ìyàwó mi Ibídùn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ bíi tèmi. Olómirẹ́ ni wọ́n ti bí i, abúlé àwọn apẹja kan létí odò tí à ń pè ní Àlọbọ̀, níbi tí odò náà ti sún mọ́ òkun. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kì í dúró sójú kan. Yóò kó ara rẹ̀ lọ sínú òkun, yóò fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀ níhòòhò fún akàn láti máa fi ṣe ìta. Bí ó bá sì tó àkókò, yóò tún padà wá, yóò bo ẹrẹ̀ náà mọ́lẹ̀, yóò máa lá gbòǹgbò igi tí ó wà ní bèbè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé wọ́n ti fi nǹkan sínú oúnjẹ mi ni. Odò tí ó ń ṣàn sẹ́yìn, níbo ni wọ́n ti rí i rí ní ìlú tèmi? Ìyá Ibídùn ni gbogbo abúlé ń pè ní Yéyé Aṣọ́yẹ. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí bèbè, yóò máa wo àwọn ẹyẹ tí ń darí bọ̀ wá sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí lékeléke bá bà sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó mọ̀ pé omi kò ní kún púpọ̀. Bí wọ́n bá ń jìjàdù ẹ̀ka òkè, yóò ké sí àwọn apẹja pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá sí ẹnu òkun. Ìkìlọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin Olómirẹ́ fi ń jẹun alẹ́ nílé ara wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ń gbẹ̀bí gbogbo abúlé.

Ọwọ́ ìgbẹ̀bí yìí ló gbé èmi àti Ibídùn débẹ̀. Oyún inú rẹ̀ ti pé. Obìnrin tí ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì tí ọmọ kò sì ké, ẹ̀yin náà mọ bí ọkàn rẹ̀ yóò ti rí. Ìyá rẹ̀ ló ránṣẹ́ pé kí n gbé e wá, òun ti mọ ohun tí ó ń dí àwọn ọmọ náà lọ́nà, ọwọ́ òun ni èyí yóò bọ́ sí. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti àna mi jókòó sí bèbè, mo sì na ojú mi kí ó rí i pé ọmọ òun fẹ́ ọkùnrin. Àwọn ẹyẹ dé lóòótọ́. Lékeléke funfun bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, òfú tí àpò ń mì lọ́fun wọn, pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ń súfèé, àti àwọn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró tí ń bẹ́ sómi bí ẹni ju òkúta. Mo ń fi ìka tọ́ka sí wọn, mo ń fi ojú mi fọ́nnu lọ, àfi bí mo ṣe kíyè sí i pé ìyá kò dá mi lóhùn mọ́. Ó ní, “Ọdẹ, wọn kò bà. Èmi kò rí i rí kí wọ́n má bà.” Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, gbogbo ẹyẹ náà yí po lókè orí wa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì balẹ̀ lé e lórí bí ìgbà tí a da aṣọ bo ẹni tí ń sùn. Mo gbé ìbọn, n kò lè yìn ín, nítorí bí mo bá pa ẹyẹ, mo lè pa àna. Nígbà tí wọ́n gbéra, àpótí nìkan ló kù ní bèbè. Ìyẹ́ kan ṣoṣo kò já sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, èmi tí mo ti rí iwin nìyẹn. Mo dúró síbẹ̀, mo la ẹnu, kòkòrò ń wọ̀ ọ́, n kò pa á dé.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, Ibídùn kò sunkún. Ó kàn di ikùn rẹ̀ mú, ó ń wò mí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ìrora ti mú un. Àwọn obìnrin ilé yí i ká, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ọmọ náà fi ìdí síwájú, bí Yéyé kò bá dé, ìyá àti ọmọ ni yóò lọ. Mo sá tọ Baálẹ̀ Akíngbolú lọ, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn apẹja. Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ tirẹ̀ àti àjẹ̀ tirẹ̀ fún mi. Ó kìlọ̀ fún mi pé omi tí ó ń fà lọ yóò gbé mi dé oríta odò, níbi tí ẹnì kan ń dúró sí tí òun kò fẹ́ dárúkọ. Pé lẹ́yìn oríta náà, ìyàngbẹ iyanrìn kan wà ní ẹnu òkun tí gbogbo ẹyẹ ń lọ. Pé bí omi bá yí padà kí n tó kúrò lórí iyanrìn náà, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu láti pariwo. Mo bi í pé báwo ni n ó ṣe mọ ìgbà tí omi bá yí. Ó wò mí pẹ̀lú àánú, ó ní ẹni tí ń sọ fún àwọn ni mo ń lọ wá yẹn.

Omi gbé mi lọ. N kò ní fi ìrìn àjò náà dá yín lágara. Àjẹ̀ bó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó parí. Nígbà tí mo dé oríta odò, mo rí ohun tí mo pè ní igi ọ̀pẹ tí ó gbẹ, àfi ìgbà tí igi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó sì kí mi kú ọ̀nà. Ẹ̀dá kan ni, ó ga ju òrùlé lọ, ara rẹ̀ tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ inú ẹrẹ̀ lọ, ó sì fi èkejì wé ọrùn bí ẹni tí òtútù ń mú. Ìgbín méjì ló wà níbi tí ojú yẹ kí ó wà, wọ́n ń rìn kiri ní iwájú orí rẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì rìn dé ni ó ń wò. Ó sọ fún mi ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé Ẹlẹ́sẹ̀-Lọ́rùn ni orúkọ òun, pé ọkọ̀ kan kì í kọjá láìdáhùn àlọ́ òun, àti pé bí mo bá ṣì í, òun yóò fa omi abẹ́ ọkọ̀ mi mu. Ó wá ní, “Ó lọ sọ́jà, kò gbé igbá. Ó ti ọjà dé, kò ra iyọ̀. Síbẹ̀ iyọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.” Mo dáhùn kíá pé olè ni. Ẹ ò rí i pé ó jọ ọ́? Ṣùgbọ́n mo ṣì í. Ẹ̀dá náà na ẹnu gígùn sómi, ó fà á, omi sì lọ sílẹ̀ títí ìdí ọkọ̀ mi fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Mo ní ewúrẹ́ tó lá iyọ̀ oníyọ̀ ni. Ó tún fà á, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bọ̀. Bí mo ti ń fi àjẹ̀ ti ẹrẹ̀ náà sẹ́yìn, ìkán omi kan ta sí mi létè, mo fi ahọ́n lá a láìmọ̀, ó níyọ̀. Mo kígbe pé, “Odò Àlọbọ̀ ni! Ó ń lọ sínú òkun, ó ń ti òkun bọ̀!” Ẹlẹ́sẹ̀-Lọ́rùn tu omi náà sílẹ̀, ọkọ̀ mi sì léfòó.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní kò bójú mu kí èmi nìkan lọ pẹ̀lú ògo, kí èmi náà pa àlọ́ kan fún òun, bí òun bá gbà á, òun yóò tún bi mí ní òmíràn. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí kò ní àyè àlọ́ alẹ́. Mo wò ó láti òkè délẹ̀, mo ní, “Kí ni ohun tí ìwọ ń gbé kiri, tí ó jẹ́ pé òun ló yẹ kí ó máa gbé ọ?” Ó ní àlọ́ náà rọrùn. Ó gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n. Àwọn ìgbín rẹ̀ rìn lọ sí àtàrí, wọ́n rìn padà. Ó mẹ́nu ba ọkọ̀, mo ní rárá. Ó mẹ́nu ba orúkọ, mo ní rárá. Ẹsẹ̀ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ń mì níwájú rẹ̀ bí ó ti ń ronú, kò rí i. Mo rọra ti àjẹ̀ sómi, mo kọjá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba ibẹ̀ kọjá, kí ó má sọ ìdáhùn fún un.

Oòrùn ti ń pọ́n lọ sínú òkun nígbà tí mo fa ọkọ̀ gun ìyàngbẹ náà. Ohun tí mo rí níbẹ̀, mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ nu ojú mi. Gbogbo ẹyẹ odò, àtèyí tí mo mọ̀ àtèyí tí n kò mọ̀, ni wọ́n jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àwọn kékeré níwájú, àwọn àgbà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń ṣe níbi tí egúngún fẹ́ jáde. Ní àárín wọn, lórí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé, ni àna mi jókòó sí, ó fa ojú ro. Wọ́n ń wò ó. Bí ó bá họ orí, gbogbo wọn yóò na ọrùn. Bí ó bá sín, wọn yóò fi apá gbá ara wọn, àwọn ìyá ẹyẹ yóò sì fi ẹnu tọ́ka sí i fún àwọn ọmọ wọn. Mo ti ń wo ẹyẹ láti kékeré, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹyẹ lè fẹ́ wo ènìyàn. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ti Ẹlẹ́sẹ̀-Lọ́rùn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó na ọwọ́ sí mi.

Olórí wọn wá yọ lẹ́yìn òkìtì iyanrìn. Ó tó àká ọkà, ó ní ojú ọkùnrin arúgbó, àpò ọ̀fun rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀, a sì ń gbọ́ tí omi ń dún nínú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo wá wò. Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à á di ìkúùkù. Mo ní n kò wá wo nǹkan kan, àna mi ni mo wá mú.

Ó ní, “Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti jẹ́ ọmọdé ló ti ń wò wá. Ó ń wo bí a ṣe ń jẹun, bí a ṣe ń jà, bí a ṣe ń fẹ́ ara wa. Ǹjẹ́ a lé e rí? Ìrọ̀lẹ́ tiwa ló kàn báyìí.”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo sọ ti ọmọ tí ó fi ìdí síwájú, mo sọ ti àwọn méjì tí a ti sin. Àwọn ìyá ẹyẹ tí ó wà níbẹ̀ rojú, ṣùgbọ́n olórí wọn mi orí. Ó ní ìran ni wọ́n fi ń gba ìran. Bí àna mi bá lọ, ojú gbogbo àwọn yóò ṣófo, nítorí náà ojú tèmi náà gbọ́dọ̀ ṣófo: láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà títí n ó fi kú, n kò gbọdọ̀ fi ojú mi rí ẹyẹ kankan mọ́, ìbáà ṣe èyí tí ń fò, ìbáà ṣe èyí tí ń tọ ilẹ̀. Ojú tí mo fi ń yangàn, ojú tí mo fi ń jẹun, òun ló fẹ́ gbà yẹn. Àna mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ wò mí.

Ó ní, “Padà sílé, Ọdẹ. Ojú ọdẹ ni oko rẹ̀. Má fi oko rẹ gba arúgbó sílẹ̀.”

Mo ní, “Ìyá, láti òwúrọ̀ ni Ibídùn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò tíì pariwo. Ẹ̀yin ló ń dúró dè.”

Ìyá dìde dúró, gbogbo ẹyẹ ibẹ̀ sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí wọn kò tíì rí i lórí ìdúró láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Mo kọjú sí olórí wọn, mo ní kí ó mú ojú náà.

Kò fọwọ́ kàn mí. Kò ta mí. Mo kàn ṣẹ́jú, nígbà tí mo sì lajú, iyanrìn ti ṣófo. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ẹyẹ tí ó kún ibẹ̀ bámúbámú, kò sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ wọn, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, mo ń rí ojú ẹsẹ̀ tí ń tẹ iyanrìn fúnra rẹ̀, tí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo di àna mi lọ́wọ́ mú, a sáré wọ inú ọkọ̀. Bí mo ti ń ti ọkọ̀ sómi ni àwọn ọ̀dọ́ inú wọn, tí kò fẹ́ kí ìran àwọn lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Afẹ́fẹ́ lásán gbá mi létí. Afẹ́fẹ́ lásán fa àgbọ̀n mi ya. Ẹ wo àpá rẹ̀. Mo ní ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ni n ó yìn? Ìyá gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń tukọ̀, ó sì ń pàṣẹ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn: tẹrí, yà sí ọ̀tún, fi ìdí ìbọn gbá òkè orí rẹ, ó ti lọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ń ṣe ohun tí ó bá wí. Èmi Ojú-Àwòdì, arúgbó ló ń bá mi ríran.

Ní ẹnu òkun, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá lọ sínú ibú. Mo ní kí a sá padà sórí iyanrìn. Ìyá kọ̀. Ó ní àwọn lékeléke ti gbéra, wọ́n ti kọjú sókè odò, wọ́n sì ń fò nílẹ̀-nílẹ̀, omi yóò yí nísinsìnyí, kí n di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. N kò rí lékeléke kankan. Mo dì í mú. Odò náà dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì yí padà lábẹ́ wa. Kì í ṣe pé ó gbé wa, ó jù wá ni. A kọjá lára Ẹlẹ́sẹ̀-Lọ́rùn bí ọfà, ó ṣì gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n. Àwọn tí ń lé wa ń rẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi etí ka ìlọ wọn, títí tí ó fi ku ariwo omi nìkan. Oòrùn ti wọ̀, iná àárò sì ń jó ní Olómirẹ́ nígbà tí a fi orí ọkọ̀ gún bèbè.

Ìyá kò dúró gba ìkíni ẹnikẹ́ni. Ó wọlé, ó fọ ọwọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Èmi àti Baálẹ̀ Akíngbolú jókòó síta, ọbẹ̀ tí wọ́n gbé fún wa di tútù. Ẹ má bi mí bí ó ti pẹ́ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gbọ́ tí Ibídùn ké lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti mọ̀ nígbà méjì rí, mo sì dorí kodò. Nígbà náà ni ọmọ ké. Baálẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Obìnrin ni ọmọ náà, Ìyábọ̀ ni a sọ ọ́. Àwọn ènìyàn máa ń bi wá pé ìyá wo ló kú kí a tó bí i, a máa ń sọ fún wọn pé èyí tó bọ̀ kò kú, ó wà níbi ìdáná.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rí ẹyẹ mọ́. Adìyẹ ilé mi, ohùn ni wọ́n jẹ́ fún mi àti ìyàngbò tí ń ta kiri. Àfi bí a bá sè é dé inú ọbẹ̀ ni mo tó ń rí itan rẹ̀. Ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nìkan ni mo ń pa báyìí. Àwọn kan nínú yín ti ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí èyí, mo mọ̀ yín, kò burú.

Ọdún tí Ìyábọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, a lọ kí ìyá àgbà ní Olómirẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn lọ sí bèbè, mo bá wọn lọ nítorí kí n má bàa dá nìkan jókòó nílé. Ariwo apá gba òkè odò kan. Ibídùn ń wòkè, ìyá ń wòkè, ọmọ náà ń pàtẹ́wọ́ lórí itan mi, ó ń sọ fún mi pé kí n wò ó, kí n wò ó. Mo gbé ojú sókè kí ó má bàa rò pé n kò dá òun lóhùn. Ọ̀run pọ́n, ó sì ṣófo. Mo fẹ́ gbé ojú kúrò ni mo rí nǹkan tí ó tàn yanran lókè omi. Ẹja ni. Odidi ẹja, ó ń mi ìrù, ó ń kọjá lókè odò ní gíga igi àgbọn, n kò rí ẹnu tí ó gbé e. Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé ìyẹn, fàdákà fàdákà, wọ́n ń ti ẹnu òkun bọ̀. Wọ́n dé orí àwọn igi bèbè, ẹ̀ka tẹ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n sì ń dínkù díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi tán. Ìyá bi mí pé kí ló dé tí ẹnu mi là sílẹ̀ báyẹn. Ẹ̀yin ará, n kò tíì sọ fún un títí di òní. Mo gbé ọmọ mi mọ́ àyà, mo sì ń wo àwọn ẹja tí ń fò lọ sílé títí ilẹ̀ fi ṣú.